"Ó Ku Ẹyọ Kan!": Ta Ló Mọ Ìgbà Tí Ọkọ̀ Máa Gbéra?

Kí ẹ tó sún lọ sí ibi èsì bọ́ọ̀lù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ apá ọ̀tún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró gbọ́ tèmi ná. Ìbéèrè kan ni mo ní. Tí ẹ bá dé gáréèjì ní Challenge láàárọ̀ kùtù, tí ẹ fẹ́ lọ sí Dúgbẹ̀, ìṣẹ́jú mélòó ni ọkọ̀ tí ẹ bá wọ̀ máa fi gbéra?

Mo ti bi ọ̀pọ̀ èèyàn. Màmá mi ní, "Tó bá kún." Dírẹ́bà náà ní, "Tó bá kún." Agbèrò tó ń pe èrò kò tiẹ̀ jẹ́ kí n béèrè tán tó fi ń pariwo, "Dúgbẹ̀, Dúgbẹ̀, ó ku ẹyọ kan! Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!" Gbogbo wa la mọ "ẹyọ kan" yẹn. Ẹ máa wọlé tán, ẹ máa rí i pé èèyàn méjì péré ló wà nínú ọkọ̀, ọ̀kan nínú wọn á tún sọ̀ kalẹ̀ torí pé ọ̀rẹ́ dírẹ́bà ni, ó kàn jókòó kí ọkọ̀ lè dà bí èyí tó ti fẹ́ẹ́ kún ni.

Àwàdà kọ́ ni mo ń ṣe. Ilé wa wà ní Challenge, ilé-ìwé wa wà ní Agbowó níbí, ẹ sì mọ bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó. Ọkọ̀ méjì ni mo ń wọ̀. Ọ̀kan máa gba Ring Road lọ sí Dúgbẹ̀, èkejì máa gbé mi láti Dúgbẹ̀ gba Mọ́kọ́lá àti Sángo wá sí iwájú géètì UI. Aago méje ààbọ̀ ni wọ́n ń ti géètì tiwa. Nítorí pé mi ò mọ ìgbà tí ọkọ̀ máa gbéra, aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo máa ń kúrò nílé. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ nígbà yẹn. Màmá mi kì í jẹ́ kí n dá dúró ní gáréèjì, á mú tọ́ọ̀ṣì dání, á dúró tì mí títí ọkọ̀ á fi lọ, kó tó padà sílé lọ wẹ̀ fún àwọn àbúrò mi, kó tó wá gba ọjà lọ.

Ọjọ́ tí nǹkan bá yá, mo máa ń dé ibí tí kò tíì sẹ́ni kankan lórí pápá. Ẹ wò ó dáadáa. Àkókò tí mo fi jókòó lásán yẹn, mi ò fi sùn, mi ò fi kàwé, bẹ́ẹ̀ ni mi ò bá màmá mi ṣiṣẹ́ ilé. Mo kàn fi bọ àìmọ̀ ni. Tó bá jẹ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́, wákàtí méjì ààbọ̀ ni láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ìyẹn ju pẹ́rẹ́ẹ̀dì Maths mẹ́ta lọ.

Èmi ṣì rí ẹni dúró tì mí. Ẹnì kan wà nínú kíláàsì wa tó ń bọ̀ láti apá Ìwó Road. Òun ló ń pọn omi, òun ló ń múra fún àwọn àbúrò rẹ̀, kò lè kúrò nílé ṣáájú aago mẹ́fà ààbọ̀ láéláé. Lọ́jọ́ Túsìdeè àti Tọ́sìdeè, Maths ni pẹ́rẹ́ẹ̀dì àkọ́kọ́. Ẹ lọ wo ìwé Maths rẹ̀. Ojú ewé tó ṣófo níbẹ̀, ọjọ́ tí ọkọ̀ ò tètè kún ni. Tí wọ́n bá sì sọ fún un pé kó máa tètè jí, kì í fèsì, torí ó ti jí láti aago márùn-ún.

Ohun tí mo rí lórí fóònù Àǹtí mi

Ẹ̀gbọ́n màmá mi kan ń gbé ní Peckham ní London, níbi tí àwọn Yorùbá pọ̀ sí gan-an. Nígbà họlidé tó gùn, mo ń bá wọn sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp, wọ́n wà ní bọ́sítọ́ọ̀pù. Wọ́n dédé ní, "Ó tó báyẹn, jẹ́ n tọ́jú fóònù mi, bọ́ọ̀sì 36 ti ku ìṣẹ́jú mẹ́rin." Mo ní, "Ta ló sọ fún yín, mà?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó wà lórí fóònù, ó sì tún wà lórí bọ́ọ̀dù tó ń tàn lókè orí àwọn. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má tíì pa á. Mo wo aago. Ìṣẹ́jú mẹ́rin kọjá díẹ̀ báyìí, mo gbọ́ tí bọ́ọ̀sì já.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń kọ́ nípa kọ̀ǹpútà ní Pólì ló là mí lóye. Ó ní ilé-iṣẹ́ tó ń darí ọkọ̀ èrò ní London, Transport for London, tí wọ́n ń pè ní TfL, fi dátà wọn síta lọ́fẹ̀ẹ́, ẹnikẹ́ni ló lè béèrè. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà béèrè ni wọ́n ń pè ní API.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé API bó ṣe yé mi. Ó dà bí ojú fèrèsé tí wọ́n ti ń gba tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ ò lè wọ inú ọ́fíìsì wọn lọ máa tú ìwé, àmọ́ tí ẹ bá dúró síwájú fèrèsé, tí ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ní kí ẹ béèrè, wọ́n máa na ìdáhùn síta. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ètò kọ̀ǹpútà ló ń béèrè, ètò kọ̀ǹpútà ló sì ń dáhùn. Bọ́sítọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan ní London ní nọ́ḿbà tirẹ̀. Ẹ fi nọ́ḿbà yẹn béèrè, ìdáhùn á sọ bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀, ibi tó ń lọ, àti nǹkan kan tí wọ́n kọ báyìí: timeToStation. Iye ìṣẹ́jú àáyá tó kù kí bọ́ọ̀sì dé nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi fi nọ́ḿbà bọ́sítọ́ọ̀pù Àǹtí wa béèrè lórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀. A rí 241. Ẹ fi 60 pín in, ó jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́rin àti ìṣẹ́jú àáyá kan.

Inú mi dùn, ó sì tún dùn mí. Mo jókòó sínú pálọ̀ wa ní Challenge, mo mọ ìgbà tí bọ́ọ̀sì máa dé Peckham. Micra tó wà ní gáréèjì ìtòsí wa ńkọ́? Ọlọ́run nìkan ló mọ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n?

Wọn ò wo ìràwọ̀ o. Ẹ̀rọ GPS wà nínú bọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, ó ń gba àmì láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì, ó fi ń mọ ibi tó wà, á sì máa fi ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà lóòrèkóòrè. Ti London ni wọ́n ń pè ní iBus, 2009 ni wọ́n parí fífi í sínú gbogbo bọ́ọ̀sì wọn. Kọ̀ǹpútà mọ ojú ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì náà ń gbà. Ó sì mọ ìṣẹ́jú tí bọ́ọ̀sì sábà máa ń lò láti bọ́sítọ́ọ̀pù kan dé èkejì ní irú wákàtí bẹ́ẹ̀. Ó kàn ń ro ó pọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká lo tiwa. Ká ní bọ́ọ̀sì kan ku kílómítà 3 sí yín, tó ń sáré kílómítà 15 ní wákàtí kan. Ìṣẹ́jú 12 ló máa fi dé. Ṣùgbọ́n tó bá di àsìkò tí ọjà Bódìjà kún, tí sún kẹrẹ fà kẹrẹ bẹ̀rẹ̀, tí eré yẹn wá sílẹ̀ sí kílómítà 6 ní wákàtí kan, ìṣẹ́jú 30 ni. Bọ́ọ̀sì kan náà ni, ọ̀nà kan náà sì ni. Ìdí nìyẹn tí kọ̀ǹpútà tó gbọ́n fi máa ń wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá àti lóṣù tó kọjá ní irú àsìkò kan náà, kó tó dáhùn.

Àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má rò pé gbogbo ohun tí API bá sọ ni mo gbọ́dọ̀ gbà. Ohun mẹ́ta ló ní kí n máa wò.

Àkọ́kọ́ ni ọjọ́ orí ìròyìn. Tí bọ́ọ̀sì bá fi ibi tó wà ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú méjì sẹ́yìn, "ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin" tí ẹ ń kà lè ti di méjì. Tí íntánẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì bá já, bọ́ọ̀sì ti lọ, ẹ̀yin ṣì ń wò ó lórí fóònù pé ó dúró síbì kan.

Ìkejì ni ìyàtọ̀ láàárín ohun tí wọ́n kọ sórí ìwé àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà. Ní 2005, obìnrin kan tó ń jẹ́ Bibiana McHugh, òṣìṣẹ́ TriMet, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ èrò ìlú Portland ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, rí i pé ó rọrùn láti rí ọ̀nà tí mọ́tò máa gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ju ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì máa gbà lọ. Òun àti àwọn ará ilé-iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú Google jọ ṣe é tí àkókò bọ́ọ̀sì Portland fi bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lóṣù December ọdún yẹn. Bí wọ́n ṣe to dátà náà ló di ohun tí gbogbo ayé ń lò lónìí, tí wọ́n ń pè ní GTFS. Kò le rárá, fáìlì ọ̀rọ̀ lásán ni wọ́n, tí kọ́mà pín wọn, irú èyí tí wọ́n ń kọ́ wa nínú Data Processing. Ọ̀kan fún bọ́sítọ́ọ̀pù, ọ̀kan fún ojú ọ̀nà, ọ̀kan fún àkókò. Àmọ́ àkókò tí wọ́n kọ sílẹ̀ nìyẹn. Tí bọ́ọ̀sì bá bàjẹ́ lọ́nà, fáìlì ò mọ̀. Ní 2011 ni wọ́n ṣe GTFS Realtime, èyí tó ń sọ ohun tó ń lọ lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ìdáhùn tó péye gbọ́dọ̀ mọ èyí tó ń kà nínú méjèèjì. Ọ̀kan jẹ́ ìlérí, èkejì jẹ́ ìròyìn.

Ìkẹta ni aago. Lọ́jọ́ kejì tí a tún béèrè, ìdáhùn ní bọ́ọ̀sì máa dé ní 18:12, bẹ́ẹ̀ aago méje ti lu lọ́dọ̀ wa, ó sì ti lu ní London náà. Àbí bọ́ọ̀sì ti lọ ni? Rárá o. Lẹ́tà Z wà lẹ́yìn àkókò yẹn. Z ń sọ pé aago àgbáyé tí wọ́n ń pè ní UTC ni wọ́n fi kà á, wákàtí kan ni Nàìjíríà sì fi ṣáájú rẹ̀. London náà máa ń sún aago wọn síwájú ní wákàtí kan nígbà ooru. 18:12 yẹn, 7:12 ìrọ̀lẹ́ ni. Ẹni tí kò bá mọ ìtumọ̀ Z á pàdánù bọ́ọ̀sì, á sì máa bínú sí kọ̀ǹpútà.

Tiwa ńkọ́?

Àwọn kan máa ní Ìbàdàn ò lè ní irú ẹ̀, pé ayé tiwa kì í ṣe ti aago. Mi ò gbà. Rélùwéè dé Ìbàdàn ní 1901, aago ni wọ́n fi ń rìn. Rélùwéè tuntun tí wọ́n ṣí ní 2021, tó ń ti Èkó wá sí Mọ́níyà, kì í dúró de ẹni kankan. Tí àkókò rẹ̀ bá ti tó, ó kún ni o, kò kún ni o, ó ń lọ nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ yáa tètè dé, kò sì sẹ́ni tó ń jà.

Ti Micra ló yàtọ̀. Micra kò ní àkókò tó ń gbéra, ìkún ló ní. Tó bá tiẹ̀ ti gbéra tán, dírẹ́bà lè dé Mọ́kọ́lá kó ní, "Ibí ni mo ti ń yà o, ẹ bá mi sọ̀." Ẹnì kan á ní "Ó wà o!" níwájú ilé ìyá rẹ̀, ọkọ̀ á dúró. Tí ẹ bá wá fi GPS sínú ọkọ̀ tó dúró sí gáréèjì, kí ló máa sọ? Á ní ọkọ̀ wà ní gáréèjì. Ìyẹn náà la ti mọ̀!

Ká sì sọ òótọ́, àwa fúnra wa kò ran ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́. Ẹ pe ọ̀rẹ́ yín lórí fóònù, ẹ ní níbo ló wà. Ó wà nílé ìwẹ̀, ó ní, "Mo ti dé Sángo, mo ti fẹ́ẹ́ dé ọ̀dọ̀ yín." API tó ń purọ́ ni gbogbo wa. "Ó ku ẹyọ kan" tí agbèrò ń pariwo àti "mo ti wà lọ́nà" tiwa, ìyá kan náà ló bí wọn. Kò sí kọ̀ǹpútà tó lè fi ìròyìn èké ṣe ìdáhùn òdodo.

Ṣùgbọ́n ìlú kan wà tí ọkọ̀ wọn jọ tiwa, tí wọ́n sì gbìyànjú. Nairobi ni, ní Kenya. Matatu ni wọ́n ń pe àwọn bọ́ọ̀sì kéékèèké wọn, ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ni tiẹ̀, wọn ò ní tábìlì àkókò bíi ti London. Àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Nairobi, pẹ̀lú àwọn ará MIT àti Columbia ní Amẹ́ríkà, gbé fóònù dání, wọ́n wọ matatu káàkiri, wọ́n ń ṣàkọsílẹ̀ ibi tó ń gbà àti ibi tó ń dúró. Digital Matatus ni wọ́n pe iṣẹ́ náà. Ní 2014, wọ́n gbé máàpù ọ̀nà tó lé ní 130 jáde, wọ́n to dátà rẹ̀ bíi ti GTFS, wọ́n sì fi sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn. Nígbà tó di 2015, ó bọ́ sórí Google Maps. Ohun tó wú mi lórí níbẹ̀ ni pé wọn ò dúró de ẹnikẹ́ni kó kọ́kọ́ ra ẹ̀rọ sínú gbogbo ọkọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ló wọ ọkọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ló kọ ọ́ sílẹ̀.

Ohun tí mo kà ní Challenge

Èmi náà mú ìwé kékeré kan. Ẹ̀yin olùkọ́ mi, ẹ fọkàn balẹ̀, mo mọ̀ pé fóònù ò gbọdọ̀ wọ ilé-ìwé, aago ọwọ́ àti bírò ni mo lò. Ọjọ́ ilé-ìwé mẹ́wàá ni mo fi kà á. Ohun mẹ́ta ni mo ń kọ lójúmọ́: ìgbà tí mo dé gáréèjì, ìgbà tí ọkọ̀ gbéra, ìgbà tí a dé Dúgbẹ̀.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mo ń dé gáréèjì ní nǹkan bíi 5:50 bí mo ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ gbéra ní 6:11 lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó gbéra ní 6:15 lọ́jọ́ Túsìdeè, 6:17 lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè tí òjò rọ̀, 6:14 àti 6:16 lọ́jọ́ méjì tó kù. Lọ́sẹ̀ kejì, mo bẹ màmá mi pé kí a dán nǹkan kan wò, kí a máa dé ibẹ̀ ní 6:10. Ẹ̀rù bà wọ́n díẹ̀, àmọ́ wọ́n gbà. Ọkọ̀ gbéra ní 6:14, 6:16, 6:17, 6:15 àti 6:19.

Ẹ tún un kà. Ẹni tó dé ní 5:50 àti ẹni tó dé ní 6:10, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bákan náà ni wọ́n ṣe kúrò ní Challenge! Ogún ìṣẹ́jú tí èmi àti màmá mi fi ń dúró nínú òkùnkùn, kò fi ju ìṣẹ́jú kan sí méjì lọ kún ìyára wa. Ìdí rẹ̀ kò le. Ṣáájú aago mẹ́fà, èèyàn kì í pọ̀ ní gáréèjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń dé, ó lè tó ìṣẹ́jú mẹ́rin kí ẹlòmíì tó dé. Tó bá di aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àwọn òṣìṣẹ́ Secretariat, àwọn tó ń lọ sọ́jà Dúgbẹ̀, àwọn ọmọ ilé-ìwé, gbogbo wọn á ya dé lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tó yé mi nìyí, òun gan-an ni mo torí ẹ̀ kọ gbogbo èyí: Micra tí a ní kò ní àkókò, ó ní àkókò. Dírẹ́bà kọ́ ló fi lélẹ̀, agbèrò kọ́, àwa èrò ni. Bí a ṣe ń jí, bí a ṣe ń jáde nílé, òun ni tábìlì àkókò ọkọ̀ Ìbàdàn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe API fún ọkọ̀ London, bọ́ọ̀sì ni kó máa ṣọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é fún Micra, èrò ni kó máa kà. Tí àyè mẹ́rin bá ṣẹ́ kù nínú ọkọ̀, tí ẹnì kan ń dé ní ìṣẹ́jú méjì-méjì, ìṣẹ́jú mẹ́jọ ló kù. Ìṣirò rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó le níbẹ̀ ni ká mọ bí èèyàn ṣe ń dé ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ní gáréèjì kọ̀ọ̀kan. Kò sí sátẹ́láìtì tó lè rí ìyẹn. Àwa tí a dúró níbẹ̀ lè rí i.

Láti ìgbà yẹn, aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo ń kúrò nílé. Ilẹ̀ á ti máa mọ́ bọ̀. Màmá mi ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o bá mi rí oorun ogún ìṣẹ́jú." Wọn ò mọ̀ bóyá wọ́n ń ṣàwàdà ni tàbí òótọ́, ṣùgbọ́n mo rí i lójú wọn pé òótọ́ ni.

Ẹ má lọ gbé 6:10 tèmi lọ sí gáréèjì tiyín o. Ti Challenge ni. Ìwó Road ní tirẹ̀, Ọ̀jọ́ọ̀ ní tirẹ̀, Dúgbẹ̀ kì í fi ti Challenge ṣe, ibẹ̀ ń kún kíákíá. Ọjọ́ tí epo bá wọ́n, gbogbo rẹ̀ á dàrú. Ọjọ́ mẹ́wàá náà kéré jù láti fi búra.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún

Ẹ wo ìsàlẹ̀ pátákó yìí. Ẹgbẹ́ Press Club ti lẹ ìwé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan mọ́ ọn, a sì ti fi okùn so bírò mọ́ ọn. Ìlà mẹ́rin ló ní: gáréèjì tí ẹ ti wọkọ̀, ọjọ́, ìgbà tí ẹ débẹ̀, ìgbà tí ọkọ̀ gbéra. A ò fẹ́ orúkọ, a ò fẹ́ kíláàsì. Tí ẹ ò bá ní aago, ẹ bi ẹni tó jókòó tì yín, ẹ kí i dáadáa kẹ́ ẹ tó béèrè. A máa kọ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Lẹ́yìn náà, a máa ṣe ìṣirò rẹ̀ fún gáréèjì kọ̀ọ̀kan, a ó sì lẹ̀ ẹ́ síbí.

Mo bẹ olùkọ́ Maths wa pé kí wọ́n bá wa dá sí i. Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí a má ṣe lo average nìkan. Tí average bá ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọjọ́ tó máa ju mẹ́wàá lọ lè tó ìdajì, géètì ò sì mọ average. Ogive àti percentile tí wọ́n ń kọ́ wa ni iṣẹ́ rẹ̀ dé yìí. Ká wá àkókò tí ọjọ́ mẹ́jọ nínú mẹ́wàá kò ní kọjá, ìyẹn lọmọ ilé-ìwé lè fọkàn tẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa tó kù, nígbà tí ìwé yìí bá kún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wò ó. Ẹ máa rí àwọn gáréèjì kan níbẹ̀ tí ọmọ ò lè tètè kúrò bó ti wù kó tètè jí. Tí ẹ bá rí i, bóyá ẹ máa lè sún Maths Túsìdeè àti Tọ́sìdeè sí pẹ́rẹ́ẹ̀dì kẹta. A ò ní kí ẹ má jẹ ẹni tó pẹ́ níyà. A ní kí ẹ fi ìṣirò mọ ẹni tó pẹ́ yàtọ̀ sí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ò kún.

Ẹ̀yin ọmọ Data Processing, iṣẹ́ tiyín ń bọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Bọ́ọ̀sì Omituntun ti ìjọba ìpínlẹ̀ wa ń ná ìlú, àwọn ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà. Lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni bá ṣí fèrèsé dátà fún ọkọ̀ Ìbàdàn, wọ́n máa nílò ẹni tó mọ bí àárọ̀ ṣe ń rí ní Challenge, ní Ring Road, ní Bódìjà. Ìwé tó wà lára pátákó yìí ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fi ń bẹ yín: ẹ kọ òótọ́. Tí ẹ bá dé gáréèjì ní 6:40, ẹ má kọ 6:00 kí wọ́n lè rò pé ẹ tètè jí. Ẹni tó máa lò ó lọ́la lè jẹ́ àbúrò yín ní JSS1. Bírò wà níbẹ̀. Ẹ kọ tàárọ̀ yìí kí ẹ tó gbàgbé.

— Ọmọ SS2, ẹgbẹ́ Press Club